Ohun Tí Ojú Kò Lè Rí Nínú Ìgò



Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń ṣe nínú ilé àyẹ̀wò, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní lábù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé, "Kí ló kàn wá níbẹ̀?" Ó kàn wá gidigidi. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tó mú wa kọ ẹ̀kọ́ náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ní kíláàsì àwọn àgbà ní Imeke, bàbá kan tí ó ń kọ́ ìwé lọ́dọ̀ wa gbé kẹ́ẹ̀gì kan wọlé. Ó gbé e kalẹ̀ lẹ́bàá tábìlì. Ó kí wa, ó ní, "Tíṣà, ìyá mi ti re ibi àgbà ń rè. Ọjọ́ Sátidé la ó ṣe ìnáwó. Mo ra ọtí yìí fún àwọn àlejò. Ẹni tó tà á fún mi kì í ṣe ará àdúgbò wa, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò wọ́n rárá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ó dára?"

A ṣí kẹ́ẹ̀gì náà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́ gaara bí omi kànga. Òórùn ògógóró ni òórùn rẹ̀. Gbogbo kíláàsì dákẹ́, wọ́n ń wò wá. A dé e padà, a ní, "Bàbá, a kò mọ̀."

Ó yà wọ́n lẹ́nu. Báwo ni tíṣà yóò ṣe sọ pé òun kò mọ̀? A wá sọ fún wọn pé ojú ènìyàn kò lè mọ̀ ọ́n, imú kò lè mọ̀ ọ́n, ahọ́n pàápàá kò lè mọ̀ ọ́n. Ilé àyẹ̀wò nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Ìdí rẹ̀ ni a ó ṣàlàyé nísinsìnyí.

1. SÍSẸ́ ÀTI DÍDÁ SÍLẸ̀

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ṣe òróró àgbọn ní agbègbè Àgbádárìgì, oníkẹ́mísírì ni yín, ẹ kò kàn mọ̀ ni.

Ẹ wo bí ẹ ti ń ṣe é. Ẹ ó fọ́ àgbọn, ẹ ó rin ín, ẹ ó bu omi sí i, ẹ ó sì fún un nínú aṣọ tàbí nínú asẹ́. Oje funfun yóò kọjá, èyí tí ó le yóò dúró sẹ́yìn. Sísẹ́ nìyẹn. Nínú ilé àyẹ̀wò, wọ́n ń fi bébà kan tí ó ní ojú wíwẹ́wẹ́ ṣe é. Wọn yóò ká bébà náà sínú àrọ, wọn yóò sì da omi sí i. Ohun tí kò yọ́ nínú omi yóò dúró lórí bébà, omi yóò sì kán sísàlẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ó fi oje àgbọn náà sílẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kí ẹ tó jí, ọ̀rá rẹ̀ ti léfòó, omi rẹ̀ ti wà nísàlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Èyí tí ó fúyẹ́ ló gòkè, èyí tí ó wúwo ló sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ìkòkò omi. Dídá sílẹ̀ ni a ń pe èyí. Nínú ilé àyẹ̀wò, wọn kì í dúró di ọjọ́ kejì. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan tí ń yí ìgò kékeré bírí-bírí. Yíyí yìí ń mú kí èyí tí ó wúwo yára lọ sí ìdí ìgò. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ń gbà ya ẹ̀jẹ̀ wa sọ́tọ̀ ní ilé ìwòsàn: èyí tí ó pupa á lọ sísàlẹ̀, omi rẹ̀ á dúró lókè.

2. GBÍGBẸ

Nígbà tí ẹ bá ré ọ̀rá àgbọn náà, ẹ ó gbé e ka iná. Ẹ ó gbọ́ ariwo rẹ̀: ṣà, ṣà, ṣà. Omi tí ó kù nínú rẹ̀ ló ń pariwo. Bí omi náà bá ti ń tán ni ariwo ń rọlẹ̀. Ìyá tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní jókòó sídìí ìkòkò kí ó máa yọjú sí i. Etí rẹ̀ ni yóò fi mọ̀ pé òróró ti ṣe tán.

Kí ló fà á? Omi kì í gbóná ju ìwọ̀n kan lọ nínú ìkòkò wa. Bí ó bá ti dé ọgọ́rùn-ún dígírì, èyí ni 100, yóò máa hó, yóò sì máa di èéfín lọ. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì pọ̀ nínú ìkòkò, òróró náà kò lè gbóná kọjá ibẹ̀ lọ títí. Ṣùgbọ́n bí omi bá tán, ìgbóná yóò fò sókè, òróró yóò sì jóná bí a kò bá tètè gbé e kúrò.

Ọ̀nà yìí náà ni wọ́n fi ń rí iyọ̀ nínú omi òkun. Nínú lítà kan omi òkun, iyọ̀ tó ìwọ̀n gíráàmù 35 ló wà níbẹ̀. Bí omi bá gbẹ, iyọ̀ á kù. Omi ló lè di èéfín, iyọ̀ kò lè bá a lọ.

3. WÍWỌ̀N

A wá dé ibi tí iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò ti yàtọ̀ díẹ̀ sí iṣẹ́ ilé ìdáná. Wọn kì í sọ pé "ó pọ̀ díẹ̀" tàbí "ó mọ níwọ̀n" níbẹ̀. Wọ́n máa ń wọn nǹkan ni, wọ́n sì máa ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìdánwò kan. Ẹ mú ẹyin adìyẹ tútù kan, ẹyin tí kò tíì pẹ́. Ẹ gbé e sínú ife omi mímu. Yóò rì. Ẹ gbé e jáde, ẹ bu iyọ̀ ṣíbí kan sí omi náà, ẹ rò ó, ẹ sì dá ẹyin padà. Bí ó bá tún rì, ẹ fi iyọ̀ kún un. Ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ẹyin yóò fi léfòó. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹyin kò yí padà. Omi ló wúwo sí i nítorí iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀, òun ló wá lágbára láti gbé ẹyin.

Àwọn onímọ̀ rí irú nǹkan báyìí, wọ́n sì ṣe ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní háídírómítà. Gíláàsì gígùn tín-ín-rín ni, ìdí rẹ̀ wúwo, wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí ọrùn rẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ sínú omi, yóò dúró lóòró. Bí omi náà bá wúwo, yóò léfòó púpọ̀. Bí omi náà bá fúyẹ́, yóò rì sí i. A ó wá ka nọ́ńbà tí ojú omi dé. Àwọn tí ń ṣe bíà ń lò ó. Àwọn tó ń tún bátìrì mọ́tò ṣe náà ń lò ó láti wo ásíìdì inú bátìrì. Ẹ ò rí i pé ẹni tí kò mọ nọ́ńbà kà kò lè lò ó?

4. SÍSÈ KÍ ÈÉFÍN DI OMI PADÀ

Ẹ ṣí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ tí ń hó, kí ẹ sì yí i padà. Ẹ ó rí omi tí ó ń kán lára rẹ̀. Láti inú ọbẹ̀ ni omi náà ti wá, ṣùgbọ́n ẹ tọ́ ọ wò: kò ní iyọ̀, kò ní epo, kò ní ata. Omi lásán ni. Ó gòkè bí èéfín, ó pàdé ìdérí tí ó tutù jù ú lọ, ó sì di omi padà. Ohun tí kò lè di èéfín kù sínú ìkòkò.

Ohun tí àwọn tó ń se ògógóró ń ṣe nìyẹn. Àwọn Ègùn tí a jọ ń gbé àti àwọn ará Benin ní ìkọjá ààlà ń pè é ní sódábì. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ní Benin ni pé ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Sodabi ló kọ́ iṣẹ́ náà ní Faransé nígbà tí ó lọ sí ogun àgbáyé kìíní, tí ó sì mú un wá sílé. Ní ilẹ̀ wa, ìjọba òyìnbó kà á sí ọ̀ràn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò kú.

Wọn yóò fi ẹmu sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó kan dáadáa. Wọn yóò dà á sínú dúrọ́ọ̀mù, wọn yóò dé e pinpin, wọn yóò sì dáná sí i nídìí. Páìpù kan jáde láti orí dúrọ́ọ̀mù náà, ó gba inú omi tútù kọjá. Èéfín tí ó ń gba inú páìpù yóò tutù, yóò sì máa kán sínú ìgò.

Kí ló dé tí ohun tó ń kán fi le ju ẹmu lọ? Ọtí tí ń pani, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ẹ́tánọ́ọ̀lù, ń hó ní dígírì 78. Omi ń hó ní 100. Nítorí náà ọtí máa ń tètè gòkè ju omi lọ. Ohun tó kọ́kọ́ ń kán le jù, èyí tó ń kán nígbẹ̀yìn fúyẹ́ lẹ́nu, nítorí omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ inú igbó lásán ni èyí. Òun náà ni wọ́n fi ń ya epo rọ̀bì sọ́tọ̀ sí pẹtiróòlù, kẹrosíìnì àti dísù. Ilé ìfọpo tí ó kọ́kọ́ wà ní Nàìjíríà, ní ẹ̀bá Port Harcourt, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1965. Èyí tí ó wà ní Lẹkí, ní etí òkun Èkó kan náà tí àwa wà yìí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024. Wọ́n kọ́ ọ kí ó lè fọ àgbá epo 650,000 lójúmọ́. Dúrọ́ọ̀mù ògógóró tí ó ga bí òpó ni ẹ fi wò ó: iná nísàlẹ̀, èéfín lókè, oríṣìíríṣìí epo sì ń jáde ní oríṣìíríṣìí ibi.

5. OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ ÒDE-ÌRÈLÈ

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè àti àwọn ìlú tó yí i ká ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn ènìyàn tí ara wọn le tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé orí ń fọ́ àwọn. Lẹ́yìn náà, ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí ṣú. Àwọn mìíràn kò ríran mọ́. Wọ́n dákú, ọ̀pọ̀ wọn kò sì jí. Àwọn mìíràn kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Àwọn tí ó kú lé ní mẹ́wàá dáadáa.

Ẹ̀rù ba ìlú. Àwọn kan sọ pé òrìṣà ló ń bínú. Àwọn kan rò pé àrùn tí ń ràn ni. Àwọn onímọ̀ ìlera pàápàá kọ́kọ́ fura sí oògùn tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pa koríko. Kò sí èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ àwọn aláìsàn, wọ́n gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò ní Ilé Ìwòsàn Yunifásítì Èkó. Ibẹ̀ ni òkodoro ti jáde: mẹ́tánọ́ọ̀lù ni. Inú ògógóró tí wọ́n mu ló wà.

Ní ọdún kan náà, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bá a lọ.

Kí ni mẹ́tánọ́ọ̀lù? Àbúrò ẹ́tánọ́ọ̀lù ni, wọ́n jọra bí ìbejì. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ń lò ó láti fi ṣe kẹ́míkà mìíràn, àti láti fi yọ́ nǹkan. Kò sí ohun tó kan ẹnu ènìyàn níbẹ̀. Bí ó bá wọ ara wa, ara wa á sọ ọ́ di ásíìdì kan, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí lára èèrà. Ásíìdì náà ló ń ba iṣan ojú jẹ́. Díẹ̀ péré, bíi ṣíbí tíì méjì, lè fọ́ ojú àgbàlagbà. Ìwọ̀nba díẹ̀ sí i lè pa á.

Nínú ẹmu tí a fi ọwọ́ mímọ́ sè, ìwọ̀n mẹ́tánọ́ọ̀lù tí ń wà níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ewu ńlá máa ń dé nígbà tí ẹnìkan bá fẹ́ kí ọtí rẹ̀ pọ̀, kí owó rẹ̀ sì kéré, tí ó wá lọ ra ọtí ilé iṣẹ́ tí kò mọ irú èyí tí ó jẹ́, tí ó sì lú u mọ́ ògógóró.

6. ÀWỌN ÌDÁNWÒ TÍ KÒ LÈ GBÀ WÁ

Nígbà tí a dé ibí nínú ẹ̀kọ́ wa, olùkọ́pẹ kan ní kíláàsì dìde. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú o. Àwa mọ bí a ti ń dán ọtí wò. A ń mi ìgò, a ń wo ìfófòó rẹ̀. A tún ń ṣáná sí i. Bí ó bá jó, ó dára nìyẹn."

A dá a lóhùn pé òótọ́ ni pé ìdánwò wọ̀nyẹn ń sọ nǹkan. Wọ́n ń sọ bí ọtí ti le tó, wọn kò lè sọ bóyá májèlé wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Iná ńkọ́? Ẹ́tánọ́ọ̀lù ń jó, iná rẹ̀ sì dà bí àwọ̀ aró. Mẹ́tánọ́ọ̀lù náà ń jó bẹ́ẹ̀.

Imú àti ahọ́n ńkọ́? Òórùn àwọn méjèèjì sún mọ́ ara wọn. Bí wọ́n bá sì ti lú u mọ́ ògógóró, kò sí ẹni tí ó lè dá a mọ̀.

Háídírómítà ńkọ́? Lítà kan omi wúwo tó gíráàmù 1,000. Lítà kan ẹ́tánọ́ọ̀lù wúwo tó 789. Lítà kan mẹ́tánọ́ọ̀lù wúwo tó 791. Ìyàtọ̀ gíráàmù méjì péré! Ohun èlò tí a yìn lẹ́ẹ̀kan yìí, òun náà yóò ṣì í mọ̀.

Ṣé kí a tún un sè ńkọ́? Mẹ́tánọ́ọ̀lù ń hó ní dígírì 65, ẹ́tánọ́ọ̀lù ní 78. Ẹlòmíràn á ní kí a kàn da èyí tó kọ́kọ́ kán nù. Dída á nù dára, ṣùgbọ́n kò tó. Bí àwọn méjèèjì bá wà nínú dúrọ́ọ̀mù kan, èéfín wọn á máa gòkè pọ̀. Díẹ̀ nínú mẹ́tánọ́ọ̀lù náà yóò máa kán títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Olùkọ́pẹ náà jókòó. Ó ní, "Kí wá ni lábù ń ṣe tí ó fi mọ̀?" Ìbéèrè gidi nìyẹn.

7. ERÉ ÌJE INÚ PÁÌPÙ

Ẹ fojú inú wo ọ̀nà ọjà tí ó gùn, tí èrò pọ̀ sí lọ́tùn-ún lósì. A ní kí àwọn ènìyàn méjì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà láti òpin kan sí òpin kejì. Wọ́n jọra bí ìbejì, aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan kì í dúró kí ènìyàn. Èkejì kò lè rí ìsọ̀ kan kí ó má yà: "Ẹ kú ọjà o, àwọn ọmọ ńkọ́?" Ta ni yóò kọ́kọ́ dé? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí a kò tilẹ̀ rí ojú wọn, bí a bá ti ń wo aago ní òpin ọ̀nà, a ó mọ ẹni tí ó dé.

Ohun tí ẹ̀rọ ilé àyẹ̀wò náà ń ṣe nìyí. Orúkọ rẹ̀ ni gas chromatograph. Kí orúkọ náà má bà yín lẹ́rù. Páìpù tín-ín-rín, tí ó gùn gan-an, tí wọ́n ká bí okùn, ló wà nínú rẹ̀. Wọn yóò fi abẹ́rẹ́ fa ọtí tí kò tó ẹ̀kán kan, wọn yóò fi í sínú ẹ̀rọ tó gbóná, yóò sì di èéfín. Afẹ́fẹ́ kan yóò máa tì í lọ nínú páìpù. Ohun kan wà tí wọ́n fi ra inú páìpù náà: òun ni àwọn èrò ọjà wa. Mẹ́tánọ́ọ̀lù kì í bá a ṣeré púpọ̀, á tètè jáde. Ẹ́tánọ́ọ̀lù á dúró díẹ̀, á jáde lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń jáde, ẹ̀rọ náà á fa ìlà tí ó gòkè bí òkè kékeré. Bí òkè náà bá ti tóbi tó ni ohun náà ṣe pọ̀ tó nínú ọtí.

Ará Rọ́ṣíà kan ló bẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n yìí. Mikhail Tsvet ni orúkọ rẹ̀, onímọ̀ nípa ewéko ni. Ó lọ ẹfun, irú èyí tí a ń lò láti ṣe ṣọ́ọ̀kì, ó rọ ọ́ sínú gíláàsì gígùn, ó sì da oje ewé sí i. Oje ewé tí gbogbo ayé ń wò bí àwọ̀ ewé kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ sí pín: ìlà kan yọ ní àwọ̀ ewé, òmíràn yọ ní àwọ̀ òféèfé. Ní 1906 ó fún ọ̀nà náà ní orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ "fífi àwọ̀ kọ̀wé". Ní 1952, àwọn onímọ̀ méjì ní Ìlú Ọba, James àti Martin, fi èéfín ṣe irú rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tí a sọ yìí ti ṣẹ̀.

Ẹ̀yin náà lè ṣe ti Tsvet nílé. Ẹ wá ṣọ́ọ̀kì funfun kan àti máàkà dúdú tí omi lè fọ̀. Ẹ fi máàkà yí ìdí ṣọ́ọ̀kì ká, kí ó fi bí ìwọ̀n ìka kan jìnnà sí ìsàlẹ̀. Ẹ bu omi díẹ̀ sínú àwo, ẹ gbé ṣọ́ọ̀kì náà dúró nínú rẹ̀. Kí omi má dé ojú ìlà dúdú náà o. Ẹ fi í sílẹ̀. Omi yóò máa gun ṣọ́ọ̀kì lọ, yóò sì máa gbé àwọ̀ dání. Bí ẹ bá padà dé, ẹ lè rí i pé dúdú tí ẹ fi sí i ti di búlúù, pupa tàbí àwọ̀ mìíràn. Ohun tí ojú rí bí ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ni.

8. ÀFIWÉ ÀTI ÀKỌSÍLẸ̀

Ẹ̀rọ nìkan kò tó. Ẹ gbọ́ ohun mẹ́ta tí oníṣẹ́ ilé àyẹ̀wò kò gbọdọ̀ fi ṣeré.

Àkọ́kọ́ ni orúkọ. Bí ẹ̀jẹ̀ tàbí ọtí bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, á kọ̀wé lé ìgò náà: ti ta ni, ọjọ́ wo, láti ibo. Ìgò tí kò ní orúkọ, dídà nù ló kù fún un.

Èkejì ni àfiwé. Kí ó tó dán ọtí tí kò mọ̀ wò, á kọ́kọ́ fi mẹ́tánọ́ọ̀lù gidi sínú ẹ̀rọ, á kọ àkókò tí ó jáde sílẹ̀. Á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ́tánọ́ọ̀lù. Nígbà náà ni yóò tó fi èyí tí kò mọ̀ sí i, tí yóò sì fi í wé wọn. Ohun tí a mọ̀ la fi ń mọ ohun tí a kò mọ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé á ṣe é lẹ́ẹ̀kan, á tún un ṣe, á sì kọ méjèèjì sílẹ̀ bí ó ti rí i, kì í ṣe bí ó ti fẹ́ kí ó rí.

Ẹ̀yin ará, ìwé kíkọ ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀, ilé àyẹ̀wò kò yàtọ̀ sí ilé ìdáná.

9. OHUN TÍ A Ó ṢE

Ẹ má ra ọtí lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀, pàápàá bí owó rẹ̀ bá kéré ju bó ti yẹ lọ.

Bí ẹ bá ń ta ọtí, ẹ má ṣe lú ohunkóhun mọ́ ọn. Kí ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó sè é àti ọjọ́ tí ó sè é sára ìgò.

Bí ẹnìkan bá mu ọtí, tí orí wá ń fọ́ ọ, tí inú ń run ún, tí ó ń mí gúlegúle, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, ẹ má sọ pé ọtí ló ń pa á, kí ó lọ sùn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Àìsàn náà lè pẹ́ tó wákàtí méjìlá, ó sì lè di ọjọ́ kejì, kí ó tó fara hàn, nítorí náà ẹ má dúró. Ìtọ́jú wà fún un, ṣùgbọ́n àfi bí a bá tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Kí ẹ sì gbé ìgò ọtí tí ó kù dání lọ. Ìgò yẹn ni ilé àyẹ̀wò nílò. Òun ló lè gba àwọn yòókù là.

Ẹ ó béèrè pé kí ni bàbá yẹn wá ṣe. Ó wo kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ títí. Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù. Lábù kò lè dá mi lóhùn kó tó di Sátidé." A ní òótọ́ ni. Ó ní, "Owó mi nìyí o." A ní òótọ́ nìyẹn náà. Ó mú bírò rẹ̀, ó ya bébà, ó sì kọ̀wé sí i gàdàgbà-gadagba, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́: ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ MU ÚN. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ kẹ́ẹ̀gì náà, ó tì í mọ́lé, ó sì fi tó àwọn wọléwọlé létí ní ọjọ́ kejì. Ẹmu tútù ni àwọn àlejò rẹ̀ mu ní Sátidé, láti ọwọ́ olùkọ́pẹ kíláàsì wa.

Oṣù mélòó kan ṣáájú ọjọ́ náà, bàbá yìí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÍ A KỌ́

Ilé àyẹ̀wò: ibi tí a ti ń dán nǹkan wò láti mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.
Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀: ohun tí ó sọ̀ sí ìdí omi.
Háídírómítà: ohun èlò tí a fi ń mọ bí omi tàbí ọtí ti wúwo tó.
Ẹ́tánọ́ọ̀lù: ohun tí ń pani nínú ọtí.
Mẹ́tánọ́ọ̀lù: májèlé tí ó jọ ẹ́tánọ́ọ̀lù.
Àfiwé: fífi ohun tí a kò mọ̀ wé ohun tí a mọ̀.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló dé tí omi tó wà lára ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ kò fi ní iyọ̀?
2. Ní dígírì mélòó ni omi ń hó? Ẹ́tánọ́ọ̀lù ńkọ́? Mẹ́tánọ́ọ̀lù ńkọ́?
3. Kí ló dé tí ṣíṣáná sí ọtí kò fi lè fi májèlé hàn wá?
4. Kí ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ rò pé ó fa ikú ní Òde-Ìrèlè? Kí ni ilé àyẹ̀wò rí?
5. Kí ni a gbọdọ̀ gbé dání lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú aláìsàn?

IṢẸ́ ṢÍṢE

Ẹ ṣe ìdánwò ẹyin tàbí ti ṣọ́ọ̀kì nílé. Ẹ kọ ọjọ́ náà, ẹ kọ ohun tí ẹ lò, ẹ kọ ohun tí ẹ rí, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì.